Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Àbádòfin Tó Ń Fi Ọdún Kún Ẹ̀mí Ilé-Iṣẹ́ Ẹranko Igbó ní Texas, Kí Ẹ Sì Sọ Tẹnu Yín Lásìkò

Ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹranko igbó, ẹja inú omi àti àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Texas Parks and Wildlife Department. Ilé-iṣẹ́ yìí kò wà títí lọ bí òkè. Ọjọ́ tí yóò tú ká ti wà lákọsílẹ̀ ní apá 11.0111 nínú ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní Parks and Wildlife Code: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2033 ni, àyàfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin mìíràn tó sún ọjọ́ náà síwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìbáà ṣe ọdẹ, apẹja, onílẹ̀ tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn láti máa rìn nínú ọgbà ìgbafẹ́, kì í gbọ́ nípa irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ títí gómìnà yóò fi buwọ́ lù ú. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ṣeé yí padà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń fi ọdún kún ẹ̀mí ilé-iṣẹ́ nínú irú àbádòfin yìí, gbólóhùn náà sì ni ó kéré jù lọ nínú ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Nínú àwọn ojú ìwé tó tẹ̀lé e ni agbára ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sì ti pinnu ní oṣù púpọ̀ kí àbádòfin tó ní nọ́ńbà rárá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ òfin tó dá ọjọ́ náà

Ní ọdún 1977 ni Texas ṣe òfin Sunset, orúkọ tó túmọ̀ sí wíwọ̀ oòrùn. Ohun tí òfin náà sọ ni pé kí oòrùn ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn máa wọ̀ ní ọjọ́ tí a dá fún un, bí àwọn aṣòfin kò bá dìídì sọ pé kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún 12 ni ó sábà máa ń wà láàárín àyẹ̀wò kan àti òmíràn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, Sunset Advisory Commission, ní ọmọ ẹgbẹ́ 12: aṣòfin àgbà 5, aṣojú-ṣòfin 5, àti ará ìlú 2. Igbákejì gómìnà, ẹni tó tún jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà, ni ó ń yan ìdajì wọn. Abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin ni ó ń yan ìdajì kejì. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sì ṣe pàtàkì ju bí èrò ìta ti rò lọ.

Ìbéèrè tí òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ni pé ǹjẹ́ a ṣì nílò ilé-iṣẹ́ yìí? Ní ti ẹranko igbó, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn sábà máa ń jẹ́, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá wo bí ilẹ̀ àti ẹranko ti rí ní Texas. Apá 1.011 nínú ìwé òfin tí mo dárúkọ lókè sọ pé gbogbo ẹranko igbó tó wà láàárín ààlà ìpínlẹ̀ náà jẹ́ ohun ìní àwọn ará ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 95 nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Texas ló wà lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Àgbọ̀nrín tó ń jẹ̀ nínú oko onílẹ̀ kì í ṣe ti onílẹ̀, àmọ́ onílẹ̀ ló ni ẹnubodè tí a ó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹni náà sì ni ilé-iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 nígbà tí wọ́n pa àjọ ọgbà ìgbafẹ́ pọ̀ mọ́ àjọ ẹran ọdẹ àti ẹja. Àwọn kọmíṣánnà mẹ́sàn-án tí gómìnà ń yàn fún ọdún mẹ́fà mẹ́fà, tí ilé aṣòfin àgbà sì ń fọwọ́ sí, ni ó ń darí rẹ̀.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Láti ọdún 1937 ni òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Pittman-Robertson ti ń pín owó orí ìbọn àti ọta fún àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹranko igbó. Ìjọba àpapọ̀ lè san tó ìdá 75 nínú ìnáwó iṣẹ́ kan, kí ìpínlẹ̀ san ìdá 25. Májẹ̀mú tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kó owó ìwé àṣẹ ọdẹ lọ ná sórí ohun mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan dá a lábàá láti tú ilé-iṣẹ́ náà ká tàbí láti pín iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn mìíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí owó ìwé àṣẹ yóò gbà lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi ọjọ́ sínú kàlẹ́ńdà láti ọdún 2031

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òfin Sunset ní kí ilé-iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bá ń sún mọ́lé kọ ìròyìn àyẹ̀wò ara rẹ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án tó pé ní ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ṣáájú ọdún tí yóò tú ká. Fún ilé-iṣẹ́ ẹranko igbó, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2031 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Sunset yóò ṣe ìwádìí tiwọn, wọn yóò gbé ìròyìn jáde, ìgbìmọ̀ yóò ṣe ìjókòó ìgbọ́rọ̀ ará ìlú, yóò sì dìbò lórí àwọn ìmọ̀ràn náà. Ìgbà yẹn ni a ó tó kọ àbádòfin, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò sì jókòó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2033 fún ọjọ́ 140 péré.

Ọjọ́ tí ìròyìn òṣìṣẹ́ yóò jáde àti ọjọ́ ìjókòó máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ lọ sí ojú òpó ìgbìmọ̀ Sunset lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì yín sílẹ̀ kí ìkéde lè máa dé bá yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìròyìn méjèèjì, ẹ sì kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́

Ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ kọ nípa ara rẹ̀ máa ń gùn, ó sì máa ń dára lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má ṣe kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ ìṣòro tí wọ́n fẹ́ kí aṣòfin bá wọn yanjú, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ń wá. Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Sunset ń ṣe ìwádìí lọ́wọ́ ni ó dára jù lọ láti kọ̀wé sí wọn. Wọn kò tíì gba ìpinnu kankan, wọn kì í sì í ṣe olóṣèlú tó ń wá ìbò. Lẹ́tà kan tó sọ ohun tí ojú yín rí nígbà tí ẹ ń gba ìwé àṣẹ, tí ẹ fi ẹ̀sùn kàn, tàbí tí ẹ ń bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ yín lè di ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ yóò gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ bá jáde, ẹ óò rí i pé oríṣi méjì ni ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀. Oríṣi kan nílò àyípadà òfin, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ń wọ inú àbádòfin. Oríṣi kejì jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ láìsí òfin tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka oríṣi kejì yìí sí, wọn a sì máa wá a kiri nínú àbádòfin lẹ́yìn ìgbà náà láìrí i. Bí ohun tó kàn yín bá wà lábẹ́ oríṣi kejì, ìgbìmọ̀ Sunset fúnra rẹ̀ ni ibi tí ẹ ti máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí pé kò ní dé iwájú ilé aṣòfin.

Bí a bá ń kọ̀wé, ó tó kí a sọ nọ́ńbà ìmọ̀ràn, ohun tí yóò fà, àti ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àrùn àgbọ̀nrín ṣe àpẹẹrẹ. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD, tó máa ń mú kí àgbọ̀nrín rù títí yóò fi kú, tí kò sì ní ìwòsàn. Ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Texas, lára àwọn àgbọ̀nrín àgbègbè òkè Hueco ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ní ọdún 2015 wọ́n rí i nínú ọgbà tí wọ́n ti ń sin àgbọ̀nrín ní Medina County. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti wà láàárín àwọn tó ń sin àgbọ̀nrín fún títà àti àwọn tó fẹ́ kí àyẹ̀wò àti àmì ìdánimọ̀ le koko sí i. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun fẹ́ kí ìjọba dáàbò bo àgbọ̀nrín kò tíì sọ ohunkóhun, nítorí pé apá méjèèjì ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìmọ̀ràn báyìí yóò mú kí iye ọjọ́ tí a fi ń dúró de èsì àyẹ̀wò gùn ju àsìkò títa lọ, tàbí pé yóò jẹ́ kí a lè kó ẹran kúrò lójú kan kí èsì tó dé, ti fún òṣìṣẹ́ ní nǹkan tó lè lò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ Sunset

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ dání fún ìgbìmọ̀. Bí ẹ kò bá lè lọ, ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá kò kéré sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ bí a ti ń ka àbádòfin

Nígbà tí àbádòfin bá ti ní nọ́ńbà, ẹ lọ sí ojú òpó Texas Legislature Online, capitol.texas.gov, ẹ yan ìjókòó tó tọ́, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà náà sí i. Fún ìdánrawò, ẹ wá HB 1550 (HB ni àmì àbádòfin tó bẹ̀rẹ̀ nílé aṣojú-ṣòfin) ti ìjókòó 87, ọdún 2021. Òun ni àbádòfin tó fi ọdún 12 kún ẹ̀mí ilé-iṣẹ́ ẹranko igbó títí di ọdún 2033, gbogbo ìrìn-àjò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé títí di ọjọ́ tó di òfin. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ kan ka ti ọdún 2021 kò ní ṣìnà nínú ti ọdún 2033.

Ọ̀rọ̀ tí a fa ìlà sí nísàlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n ń fi kún òfin. Èyí tí a fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá ni wọ́n ń yọ kúrò. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìlà kankan ti wà nínú òfin tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn tún un kọ kí àyíká ọ̀rọ̀ lè yé ni. Aṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé kí èèyàn máa bínú sí gbólóhùn tí kò ní ìlà, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti wà nínú òfin.

Ẹ wá gbólóhùn ọjọ́ ìtúká, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì kọjá síwájú. Bí ọdún náà kò bá tó 12, ìtumọ̀ wà nínú ìyẹn: ó lè jẹ́ pé àwọn aṣòfin fẹ́ tètè padà wá yẹ ilé-iṣẹ́ náà wò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ méjì, shall àti may. Níbi tí òfin bá ti sọ pé ilé-iṣẹ́ shall ṣe nǹkan, dandan ni. Níbi tí ó bá ti sọ pé ó may ṣe é, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni ó kù sí. Bí wọ́n bá fa ìlà gba àárín shall kọjá, tí wọ́n sì fi may sí ipò rẹ̀, iṣẹ́ dandan ti di ohun tí ẹnìkan lè fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni ó yí padà. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn àbádòfin pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń to nọ́ńbà àwọn apá òfin tí wọ́n fẹ́ fagi lé. Nọ́ńbà lásán ni ẹ óò rí níbẹ̀, kò ní ṣàlàyé. Ẹ ní láti ṣí ìwé òfin fúnra yín láti mọ ohun tó ń kú.

Àwọn apá kan wà tí ìgbìmọ̀ Sunset máa ń fi sínú àbádòfin ilé-iṣẹ́ gbogbo láìka iṣẹ́ wọn sí: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn kọmíṣánnà, ìyàsọ́tọ̀ láàárín iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ìlànà àti iṣẹ́ òṣìṣẹ́, bí a ó ti máa gba ẹ̀sùn ará ìlú, àti ọ̀nà láti parí aáwọ̀ láìlọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ lè yára kọjá lórí wọn. Ẹ̀gbẹ́ àbádòfin náà ni ẹ óò ti rí àkọsílẹ̀ nípa iye tí yóò ná ìjọba, àti àlàyé ṣókí lórí apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka àlàyé náà, ṣùgbọ́n àbádòfin gan-an ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin

Wọn yóò fi àbádòfin ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ó sì sọ bóyá òun fara mọ́ ọn, òun lòdì sí i, tàbí òun kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ìkẹta yìí. Ẹni tó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa wà, àmọ́ tó fẹ́ kí a tún apá kan ṣe, kò ní láti kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alátakò. Ilé aṣojú-ṣòfin tún ní ojú òpó tí àwọn olùgbé Texas lè gbà fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ láti ilé. Ẹni tó bá lọ fúnra rẹ̀ kí ó múra ìdúró: àwọn ìgbìmọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ilé bá ti parí ìjókòó ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yín sì lè má kàn títí di alẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ àwọn àtúnṣe tó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀

Àbádòfin Sunset jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbádòfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí aṣòfin tí àbá tirẹ̀ ti kú nínú ìgbìmọ̀ fi máa ń wá ọ̀nà láti so ó mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe. Òfin ilé sọ pé àtúnṣe gbọ́dọ̀ bá kókó àbádòfin mu, ṣùgbọ́n àbádòfin tó ń sọ nípa gbogbo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹranko igbó ní àyè púpọ̀ fún ohun tó bá a mu. Ẹ máa ka ẹ̀dà rẹ̀ ní gbogbo ìpele, kí ẹ má ṣe gbà pé ohun tí ẹ kà ní oṣù Kejì ni wọ́n dìbò lé lórí ní oṣù Kárùn-ún. Bí ilé méjèèjì kò bá fohùn ṣọ̀kan, aṣòfin márùn-ún láti ilé kọ̀ọ̀kan lè jókòó láti bá wọn ṣe é. Ẹ̀dà tó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde ni ó yẹ kí ẹ kà jù, nítorí pé àkókò tó kù láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kì í pọ̀.

Àkókò fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ 122 ìjókòó, àbádòfin tó bẹ̀rẹ̀ nílé aṣojú-ṣòfin tí wọn kò bá tíì gbé yẹ̀wò ní kíkà kejì ti kú sínú ilé náà. Ní ọdún 2017, àbádòfin tí ì bá fi ọdún kún ẹ̀mí Texas Medical Board, àjọ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú àwọn àjọ mìíràn nídìí ìtọ́jú ìlera kò kọjá kí ìjókòó tó parí, nítorí pé wọ́n lò ó láti fi fa àwọn àbá mìíràn tí kò kan ìlera rárá. Gómìnà pe ìjókòó pàtàkì ní oṣù Keje láti gba àwọn àjọ náà là. Kódà bí kò bá sí ẹni tó gba ilé-iṣẹ́ kan là, kò ní ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Òfin fún un ní ọdún kan láti fi kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń pariwo pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹranko igbó yóò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe àtúnṣe kan ni ó fẹ́ fi ìbẹ̀rù tì wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má ṣe da ọjọ́ orí pọ̀ mọ́ owó

Fífi ọdún kún ẹ̀mí ilé-iṣẹ́ kì í ṣe fífún un lówó. Òfin ìnáwó ọdún méjì méjì jẹ́ àbádòfin ọ̀tọ̀, ìgbìmọ̀ ọ̀tọ̀ ni ó sì ń bójú tó o. Bí ìkùnsínú yín bá jẹ́ pé ọgbà ìgbafẹ́ ń wó, àbádòfin ìnáwó ni kí ẹ lọ bá. Àwọn olùdìbò náà sì ti dá sí i lọ́tọ̀: ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 wọ́n fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin ìpínlẹ̀ tó ya owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà eré ìdárayá sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ yìí àti àjọ ohun ìṣẹ̀m̀báyé, ní ọdún 2023 wọ́n sì fọwọ́ sí àpò owó bílíọ̀nù kan dọ́là láti fi ra ilẹ̀ ọgbà tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ tẹ̀ lé e kọjá tábìlì gómìnà

Gómìnà ní ọjọ́ 10, láìka ọjọ́ Àìkú, láti buwọ́ lu àbádòfin tàbí láti kọ̀ ọ́. Bí ilé bá ti parí ìjókòó, ọjọ́ 20 ni ó ní. Bí ó bá dákẹ́, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn kọmíṣánnà mẹ́sàn-án yóò wá ṣe ìlànà tí yóò mú òfin náà ṣiṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ àbá ìlànà kọ̀ọ̀kan jáde nínú Texas Register, ìwé ìkéde ìjọba ìpínlẹ̀ náà, kí ó sì tó ọjọ́ 30 ó kéré tán kí wọ́n tó lè fọwọ́ sí i. Ní ìpàdé oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n sábà máa ń gbé àbá ìlànà ọdẹ àti ẹja pípa síwájú, tí wọn a sì dìbò lé e ní oṣù Kẹta, kí ó lè ti wà nílẹ̀ nígbà tí ìwé àṣẹ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án. Àárín oṣù méjèèjì yìí ni kí ẹ tún mú bíírò yín, kí ẹ sì kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú nọ́ńbà apá òfin tuntun náà lókè lẹ́tà.